Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Àwọn Akọ̀ròyìn àti Ọ̀rọ̀ Orí Ìkànnì ní Ilẹ̀ Okun

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí a bá yẹ òwe yìí wò dáradára, a óò rí i pé kò bu ìròyìn kù. Ó kàn fi í sí ipò tí ó tọ́ sí i ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni ó sì tẹ̀ lé e. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n fún àṣà kan tí ó ti gbilẹ̀ láàrin àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn wa ní òde òní, èyíinì ni pé kí wọ́n máa ṣa ọ̀rọ̀ jọ lórí Facebook, WhatsApp àti X, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìròyìn. Ilẹ̀ Okun ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni èrè àṣà náà àti ewu rẹ̀ ti hàn kedere.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀. Àwọn Okun, èyíinì ni Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwórò, wà káàkiri apá ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Ilẹ̀ wọn gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Kabba-Bùnú, Ìjùmú, Mópà-Mùrò àti ti Ìyàgbà méjèèjì, àwọn Òwórò sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́kọ́ja. Ní Lọ́kọ́ja, tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀, ni àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá sábà máa ń fi aṣojú wọn sí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń ṣojú ìwé ìròyìn kan fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 2020, àwọn adigunjalè ya bo ilé-ìfowópamọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìsánlú, wọ́n sì pa àwọn ọlọ́pàá, tí ọ̀gá àgọ́ náà wà lára wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ará ìlú tí ó ní fóònù lọ́wọ́ ni ó wà nítòsí. Akọ̀ròyìn wà ní ọ̀nà jíjìn. Bí akọ̀ròyìn bá wá di etí sí ohun tí ará ìlú ń wí lórí ìkànnì, ó ti pa àwọn tí kò ní agbẹnusọ mìíràn lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Nítorí náà, n kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí akọ̀ròyìn má ṣe bojú wo ìkànnì rárá. Ohun tí mo ń bá wí ni pé kí ó bojú wò ó, kí ó má lọ síbi kankan, kí ó má bi ẹnikẹ́ni léèrè, kí ó sì wá fi èdè bo àìlọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èdè wa ti la ọ̀nà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìró ni ohun tí etí gbọ́ tí a kò tíì mọ orísun rẹ̀. Àhesọ ni ọ̀rọ̀ tí ń ti ẹnu dé ẹnu láìsí ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ni ohun tí ẹni tí ó lọ tí ó sì bọ̀ wá sọ fún àwọn tí ó rán an, a sì lè bi í pé, “Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí ni o rí?” Ọ̀rọ̀ orí ìkànnì, bí ó ti wù kí ó dán tó, ìró ni, títí ẹnìkan yóò fi tọpa rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo àwọn gbólóhùn tí a fi ń bo orísun ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa. Èkíní ni “a gbọ́ pé.” Lẹ́nu àwọn baba wa, gbólóhùn yìí kò ní àbùkù, ẹni tí ó lò ó ń fi òtítọ́ inú sọ pé òun kò débẹ̀, kí olùgbọ́ má baà gbé gbogbo ara lé e. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìròyìn, ìlà àkọ́kọ́ ni ó máa ń mọ sí. Bí a bá fi máa dé ìpínrọ̀ kẹta, “a gbọ́ pé” ti pòórá, ohun tí a gbọ́ ti di ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nínú àkọlé pàápàá, kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni “ìròyìn tí ó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́.” Ìròyìn kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ẹnìkan ni ó fi í ránṣẹ́, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta ni “wọ́n ní.” Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gírámà Yorùbá ni ó mọ̀ pé “wọ́n” lè dúró fún àwọn tí a kò mọ̀ rárá, bí ìgbà tí a bá wí pé “wọ́n jí i gbé.” Ó wúlò púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹlẹ́rìí nínú ìwé ìròyìn, a kò ní ẹlẹ́rìí kankan.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ó gbayì jù lọ nísinsìnyí: “ó sọ ọ́ lórí ojú ewé Facebook rẹ̀.” Èyí dára ju àwọn mẹ́ta ìṣáájú lọ, nítorí pé ó dárúkọ ẹni tí ó wí. Síbẹ̀, òtítọ́ méjì ni a ń dà pọ̀ níbí. Òtítọ́ ni pé lágbájá sọ̀rọ̀. Bóyá òtítọ́ ni ohun tí ó sọ jẹ́ ọ̀tọ̀. Akọ̀ròyìn tí ó da ọ̀rọ̀ òṣèlú kan kọ láti ojú ewé rẹ̀, tí kò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, kò ṣe ju iṣẹ́ akéde lọ, ó sì yẹ kí a mọ̀ pé ẹni tí ó bẹ akéde níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń gbè.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kabba. Ní òru ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú náà. Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, Francis Enobore, ṣàlàyé pé ní 2008 ni a dá ọgbà náà sílẹ̀ fún 200 ènìyàn. Pé ẹlẹ́wọ̀n 294 ni ó wà níbẹ̀ nígbà ìkọlù náà, tí 224 nínú wọn ń dúró de ìdájọ́, tí a sì ti dá 70 péré lẹ́bi. Àti pé àwọn agbébọn tú 240 sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo aládùúgbò kan tí ó jí lóru ọjọ́ náà, tí ó sì fi fóònù rẹ̀ kọ ọ́ pé ìbọn ń dún. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó kọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wúlò, kò sì sí akọ̀ròyìn Lọ́kọ́ja tí ó lè bá a du ú. Ṣùgbọ́n bí ẹni yìí kan náà bá fi kún un pé iye báyìí ni ó sá lọ, ó ti kọjá ibi tí ojú rẹ̀ dé. Ẹni tí ó ní ìwé orúkọ lọ́wọ́ nìkan ni ó lè mọ iye. Ìbéèrè tí ó yẹ kí akọ̀ròyìn bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìyí: níbi tí ẹni yìí dúró, kí ni ó lè mọ̀?

Ọ̀rọ̀ ìjọba pàápàá kò yọ sílẹ̀, nítorí pé ẹnu kan ni òun náà, ó sì lè ní ohun tí yóò fẹ́ fi pamọ́. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ tún kíyèsí àwọn nọ́ńbà yẹn. Nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́rin, ó lé ní mẹ́ta tí ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Bí a bá wá pe gbogbo àwọn tí ó jáde ní “ọ̀daràn tí ó sá,” bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìgboro ti máa ń rí, a ti dá àwọn tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ka ìwé tí ó sì béèrè ni yóò rí ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó kàn da ọ̀rọ̀ kọ kò lè rí i.

Ewu mìíràn tún wà. Ọ̀rọ̀ kan jáde lórí Facebook. Ìwé ìròyìn kan gbé e. Ìwé ìròyìn méjì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú tún fi ohun tí ìwé ìròyìn kọ ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Lójú òǹkàwé, ó dàbí ẹni pé ogún ẹlẹ́rìí ni ó ń sọ ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni, ó kàn ń fi ogún ẹnu sọ̀rọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìkànnì ni ó bí ìwà yìí. Ní oṣù Kọkànlá 1989, nígbà tí kò tíì sí Facebook láyé, àwọn ìwé ìròyìn wa tẹ̀ ẹ́ jáde pé Dókítà Nnamdi Azikiwe ti kú. Baba wà láàyè. Oṣù Karùn-ún 1996 ni ó tó papòdà. Ohun tí ìkànnì fi kún un ni eré sísá.

Àwa tí a ń kọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí ìṣòro yìí ṣàjèjì sí. Nígbà tí Jan Vansina, onímọ̀ ìtàn ará Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu jáde ní 1961, ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí a tọpa ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé ẹnu títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, kí a sì mọ̀ bóyá ẹnu méjì tí ó bára mu kò ti orísun kan náà wá. Bí a bá ń fi òfin yìí de akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba oríkì sílẹ̀ ní abúlé Bùnú, kí ni ìdí tí a kò fi ní fi de akọ̀ròyìn?

Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà fi hàn pé lílọ wò ó ni ó ń yanjú ọ̀rọ̀, ìbáà gbe ọ̀rọ̀ náà, ìbáà já a ní koro. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye, tí ó ń ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, padà sílé, 189,870 ni iye ìbuwọ́lùwé tí ó wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2018, àjọ INEC lọ sí àwọn ibùdó ìdìbò láti wo àwọn tí ó ni ìbuwọ́lùwé náà lójú. 18,742 péré ni ó fìdí múlẹ̀. N kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí mo ń wí ni pé nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé àti èyí tí ojú rí jìnnà síra. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2023 ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ ìdìbò gómìnà, ọ̀rọ̀ gba orí ìkànnì kan pé wọ́n ti kọ nọ́ńbà sínú ìwé èsì kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. INEC rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ wádìí, ó sì dá ìdìbò dúró ní wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án ní Ògòrì-Màgọ̀ngọ̀. Ẹni tí ó bá ti pe ọ̀rọ̀ yẹn ní àhesọ lásán ìbá ti ṣìnà.

Ìjọba ti gbìyànjú láti fi agbára wo àìsàn yìí, ṣùgbọ́n òògùn náà kò bá a mu. Lẹ́yìn ìbọn tí ó dún ní Lẹ́kí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, àjọ NBC, tí ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé Channels, AIT àti Arise lórí, ó ní wọ́n lo àwòrán orí ìkànnì tí wọn kò yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹfà 2021, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ ti Twitter pa, NBC pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má ṣe wá ìròyìn níbẹ̀ mọ́. Àṣẹ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kabba, nítorí pé oṣù Kìíní 2022 ni wọ́n tó ṣí Twitter padà. Ní 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ dá a lẹ́jọ́ pé NBC kò ní ẹ̀tọ́ láti máa bu owó ìtanràn bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn kò sí lábẹ́ NBC, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún un: dídí ojú ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé kò sọ akọ̀ròyìn di olùwádìí.

Àwọn olóòtú yóò wí pé kò sí owó, kò sí àkókò, ọ̀nà sì léwu. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí kò ju ìpè fóònù mẹ́ta lọ: ọ̀gá ilé-ìwé, nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn, ààfin ọba. Bí àwọn náà kò bá mọ̀ ọ́n, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pé a kò rí ẹni fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí àkọlé náà sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣìnà, kí a tún un ṣe ní ojú ewé tí a ti ṣe àṣìṣe náà. Èyí kò gba owó rẹpẹtẹ.

Ohun tí ó wà nínú ewu kò kéré. Ní 2018, BBC ṣe ìwádìí bí àwòrán ìpànìyàn tí kò ṣẹlẹ̀ ní Plateau rárá ṣe tàn ká lórí Facebook ní ìpínlẹ̀ náà tí ó sì ru ìbínú sókè. Ní ilẹ̀ Okun, níbi tí ẹ̀rù ajínigbé ti wà lójú ọ̀nà, tí a sì ní aládùúgbò tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, ìròyìn èké kan lè mú kí a gbẹ̀san lára aláìṣẹ̀. Òtítọ́ a máa bá irọ́ tí ó sá fún ogún ọdún ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè jí òkú dìde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí yóò kọ ìtàn Kabba àti Ìsánlú ní àádọ́ta ọdún sí i, ìwé ìròyìn òní ni yóò ṣí. Ọ̀rọ̀ orí ìkànnì ti lè parẹ́ nígbà náà. “A gbọ́ pé” nìkan ni yóò bá níbẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí: ẹ mú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa agbègbè yín, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó rí i sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi tí ẹ kò bá ti rí orúkọ kọ, ẹ kọ̀wé sí olóòtú, kí ẹ bi í pé ta ni ó débẹ̀.