Òṣùpá Tí Wọ́n Tún Ṣe

Bí ènìyàn bá gba GRA Ìlọrin kọjá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú oṣù ààwẹ̀, yóò rí àwọn pátákó ìpolówó gàgàrà ní ẹ̀bá títì, èyí tí àwọn olóṣèlú àti àwọn oníṣòwò fi ń kí àwọn Mùsùlùmí kú oṣù alápọ̀nlé. Ojú ẹni tí ó san owó pátákó ni ó máa ń tóbi jù níbẹ̀. Òṣùpá ni ó tẹ̀ lé e. Òṣùpá yìí kan náà ni ó wà lórí káàdì, lórí kàlẹ́ńdà, lára àpò ìrẹsì tí wọ́n ń pín fún àwọn aláìní, àti nínú fóònù gbogbo wa. Ó dúró gbọnrangandan bí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja, ó sì gbé ìràwọ̀ kan há àárín ìwo rẹ̀ méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó láìrí ohun kan wí sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní físíìsì, ẹni tí mo ń pè ní Ẹ̀gbọ́n nítorí pé ó jù mí lọ ní ọjọ́ orí, ni kò jẹ́ kí n lè wò ó ní ìrọ̀rùn mọ́.

Ẹ̀sùn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní sí àwọn ayàwòrán pọ̀. Àwòrán okùn méjì tí ó lọ́ mọ́ ara wọn wà, èyí tí ó dúró fún DNA, ohun àjogúnbá tí ó wà nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. James Watson àti Francis Crick ni wọ́n kéde bí ó ti rí ní 1953, apá ọ̀tún ni ó sì máa ń lọ́ sí. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni a ń rí i lára ìwé àti pátákó tí ó lọ́ sí apá òsì, nítorí pé ayàwòrán yí i padà kí ó lè bá ojú ìwé rẹ̀ mu. Àwòrán átọ́ọ̀mù náà wà, tí àwọn hóró kéékèèké ń yí àárín rẹ̀ po bí ayé ti ń yí oòrùn po. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ físíìsì ti fi èrò náà sílẹ̀. Inú ń bí wọn sí i, mo sì bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán rí átọ́ọ̀mù, nítorí náà n ó fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Òṣùpá yàtọ̀. Ọba rí i, ìwọ̀fà rí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìràwọ̀. Òṣùpá kì í ṣe ìwọ̀ tí àárín rẹ̀ ṣófo. Ohun róbótó bí ọsàn ni, ìbú rẹ̀ tó 3,474 kìlómítà, odidi rẹ̀ ni ó sì máa ń wà lókè nígbà gbogbo. Apá tí oòrùn tàn sí nìkan ni ojú wa ń rí dáradára. Ibi tí ó ṣókùnkùn láàárín ìwo méjèèjì, ara òṣùpá ni. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo òṣùpá ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta yóò rí i pé ibẹ̀ gan-an a máa mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó tàn sórí ilẹ̀ ayé wa ni ó tún ta padà lọ bá a; Leonardo da Vinci ti ṣe àlàyé èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà, àwọn ìràwọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún réré. Kí ìràwọ̀ tó lè tàn láàárín ìwo òṣùpá, àfi kí òṣùpá lu.

Èkejì ni bí wọ́n ti tẹ ìwo náà. Àwọn ayàwòrán a máa ya òbíríkítí kan lé orí òmíràn, wọn a sì pa ibi tí méjèèjì ti bo ara wọn rẹ́. Ohun tí ó bá kù a máa ní ìwo gígùn méjì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Òṣùpá kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ó tín-ín-rín tó, ṣóńṣó ìwo rẹ̀ méjèèjì a máa wà ní ìpẹ̀kun ìlà kan tí ó gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá. Èyí ni pé etí rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ kì í ju ìdajì òbíríkítí lọ. Ohun tí a fi ojú wa ń rí lókè tí ó máa ń ní irú ìwo gígùn tí wọ́n ń yà yẹn, oòrùn ni, ní ọjọ́ tí òṣùpá bá bò ó lójú lápá kan. Ẹ̀gbọ́n máa ń fi àwọn olóṣèlú ṣe ẹ̀fẹ̀ pé oòrùn tí ara rẹ̀ kò yá ni wọ́n fi ń kí wa kú oṣù tuntun.

Ẹ̀kẹta ni ìdúró rẹ̀, èyí ni ó sì kan àwa ará Ìlọrin jù. Ìlú wa fi nǹkan bí ìwọ̀n dígírì mẹ́jọ àbọ̀ jìnnà sí ìlà agbede-méjì ayé ní ìhà àríwá. Nítorí èyí, bí oòrùn bá ń wọ̀ níhìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òòró gangan ni ó ń bọ́ sílẹ̀, òṣùpá tuntun a sì wà lókè ibi tí ó gbà wọ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bá a, nítorí náà ikùn rẹ̀ ni ó ń mọ́, ìwo rẹ̀ a sì kọjú sókè. Bí ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni ó máa ń rí, tàbí bí igbá tí a gbé kalẹ̀ láti fi gba omi òjò. Ní nǹkan bí oṣù Kẹta ọdún a máa yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní oṣù Kẹsàn-án a yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣùgbọ́n kì í dìde dúró. Ní ìlú bí Istanbul, tí ó wà ní dígírì 41, tàbí London tí ó wà ní 51, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ń fì sí bí ó bá ń wọ̀, òṣùpá ibẹ̀ a sì fì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni àwòrán tí ó dúró yìí ti ṣẹ̀ wá. Kódà lọ́dọ̀ wọn, apá ọ̀tún ni òṣùpá tuntun ti ń mọ́lẹ̀. Èyí tí ó mọ́ ní apá òsì, bí ti ara pátákó wa, òṣùpá ìparí oṣù ni, tí ẹni tí ó bá jí ní ìdájí nìkan ń rí. Òkú oṣù ni wọ́n fi ń kí wa kú oríire ọmọ tuntun.

N kò bá àsíá jà o. Oṣù àti ìràwọ̀ ti wà lára owó ìlú Byzantium kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé. Àwọn ọba Ottoman fi í sára àsíá wọn, ilẹ̀ Tọ́kì jogún rẹ̀, Pakistan sì mú tirẹ̀ ní 1947. Àsíá kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n pátákó tí ó sọ pé "ẹ kú oṣù tí ó lé", tí ó sì ya òṣùpá sí òkè òrùlé mọ́sáláásí kan nínú ìlú, ohun tí a lè jáde síta lọ wò ni ó ń sọ. Ẹni tí ó bá sọ ohun tí a lè lọ wò, ó yẹ kí ó ti wò ó.

Ohun tí ó wá dùn mí jù ni pé èdè wa kò ṣe àṣìṣe yìí. Àwọn àgbà ní, "Oṣù lé, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kí ó tún un ṣe." Gbogbo wa ni a ń fi òwe yìí bá àwọn alárìíwísí wí, a sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú àwa olùkọ́ Yorùbá tí ó tí ì béèrè pé kí ni ó dé tí wọ́n fi ní kò gún? Èmi kò béèrè rí, títí ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n bi mí. Kí ó tó di òwe, ohun tí ojú rí ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti rí òṣùpá tí ó dùbúlẹ̀, tí ó sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òwe náà gbà pé kò sí ọwọ́ tí ó lè tó o. Kò mọ̀ pé àwọn tí ń tẹ pátákó ń bọ̀. Ọwọ́ wọn tó o, wọ́n sì ti tún un ṣe.

Ti ìràwọ̀ náà kò yàtọ̀. Ìràwọ̀ tí ó ń sún mọ́ òṣùpá tí ó sì mọ́lẹ̀ jù lójú wa ni Àgùàlà, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus. Àwọn àgbà ní ó ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí i: ajá a máa bá olówó rẹ̀ rìn, ó lè ṣáájú, ó lè gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í jókòó sí àárín eyín rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2023, tí í ṣe ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ọdún náà, àwọn méjèèjì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi yà wọ́n ní fọ́tò, tí àwọn kan sì ń wí pé àmì àsíá ti jáde lójú ọ̀run. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, abẹ́ ikùn ọkọ̀ ni Àgùàlà wà, kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ayàwòrán ní àṣẹ láti ṣe bí ó ti fẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ wo àwọn ère wa: orí ère a máa tó ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀, nígbà mìíràn a tó ìdá kan nínú mẹ́ta, n kò sì tí ì gbọ́ kí dókítà kan lọ bá Lamidi Fákẹ́yẹ ti Ìlá Ọ̀ràngún jà lórí èyí títí ó fi kú ní 2009. Agbẹ́gilére mọ bí orí ènìyàn ti tó. Ó sọ ọ́ di ńlá nítorí ohun tí orí jẹ́ lójú wa. Bí a bá bi í, yóò wí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó tẹ pátákó pé kí ni ó dé tí òṣùpá rẹ̀ fi dúró. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà kò lè sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò níbẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2025, èmi àti Ẹ̀gbọ́n dúró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní GRA níbí, níbi tí igi kò ti dí ìwọ̀ oòrùn, a ń wá oṣù ààwẹ̀. Àwọn ọmọ aládùúgbò wà lọ́dọ̀ wa. Òṣùpá ọjọ́ náà kò ju nǹkan bí wákàtí 17 lọ, eruku sì wà lójú ọ̀run. A wò títí, a kò rí i. Ni ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ bá kígbe pé òun rí i. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ibo ni ìwo rẹ̀ kọjú sí?" Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbẹ́ ni, Bàbá. Ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀."

Ọmọ náà kò purọ́. Ó rí etí àwọsánmà kan, ọkàn rẹ̀ sì fi pátákó parí ìyókù. Àwọn àáfáà a máa sọ ìtàn Anas ọmọ Malik, Sàábé Ànábì, tí ó di arúgbó, tí ó ní òun rí oṣù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Adájọ́ tí ń jẹ́ Iyas nu irun ìpéǹpéjú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ní kí ó tún wò. Anas ní òun kò rí i mọ́. Irun funfun ni ti Anas. Ti ọmọ wa yìí, pátákó ni. Bí ó bá ṣe pé àgbàlagbà ni, tí ó sì lọ jẹ́rìí bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rí náà tó kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Sultan ti Ṣókótó, ẹni tí ó ń kéde oṣù fún gbogbo Mùsùlùmí ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà ìbá kọjá ẹ̀rín.

Wọ́n rí oṣù níbòmíràn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ààwẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yìí a tún jáde. Òṣùpá wà níbẹ̀ kedere, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọkọ̀, Àgùàlà sì dá dúró lókè rẹ̀ ní apá àríwá. Ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìkúùkù ọwọ́ kan dí àárín wọn. Ọmọ náà wò ó títí. Ó ní, "Bàbá, ó ti ṣubú." Ẹ̀gbọ́n mú ọsàn àti tọ́ọ̀ṣì, ó fi hàn án bí ó ti rí, ó sì fún un ní ìwé kí ó ya ohun tí ó wà lókè. Ó yà á dáadáa, pẹ̀lú Àgùàlà ní àyè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mú ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀ wá. Wọ́n ní kí wọ́n ya òṣùpá tuntun. Èyí tí ó dúró ni ó yà, tòun ti ìràwọ̀ láàárín. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ya ti òkè, tíṣà á ní kò gún."

Ẹgbẹ́ wa ń tẹ kàlẹ́ńdà jáde lọ́dọọdún. Nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni mo lọ wo èyí tí ó wà lára ògiri yàrá mi: òṣùpá rẹ̀ dúró, ìràwọ̀ sì há a láàárín. Mo ti fi fọ́tò tí Ẹ̀gbọ́n yà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe yí i dúró.