Ní Oregun, Wọ́n Ń Jí XL250S Dìde

Ẹ́ńjìnnì náà ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e dé orí bẹ́ńṣì. Honda XL250S ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Honda bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1978: alùpùpù tó ń sáré lójú títì, tó tún ń wọ igbó. Písítìn kan ló ní, fáàfù mẹ́rin, kíkì nìkan sì ni wọ́n fi ń ṣáná sí i. Ọ̀gá mẹkáníìkì kò tíì fọwọ́ kan sípánà. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ mú, ó sì fọ ìdí gbogbo bọ́ọ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, torí iyanrìn tó bá já sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń tú u ni yóò padà wá jẹ irin tuntun tí wọ́n bá fi sí i.

Ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní Kudirat Abiola Way, títì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní Oregun Road, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Látìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ikeja wà nínú wọn, ní 1 Oṣù Kẹfà 2022, irú iṣẹ́ tó ń wọlé ti yí padà níbẹ̀. Alùpùpù àwọn tó ń gbé ọjà kiri ló pọ̀ jù. Irú XL yìí sì máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ débi tó fi lè ní sùúrù fún un.

Ìdérí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ló kọ́kọ́ tú. Kò tú bọ́ọ̀tì kan tán kó tó lọ sí èkejì. Ó dẹ eléyìí díẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì, ó dẹ ìyẹn díẹ̀, títí ìdérí fi gbéra sókè lọ́gbọọgba. Gígùn àwọn bọ́ọ̀tì náà ò dọ́gba, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ ti ya àwòrán ìdérí sórí páálí, ó ti dá ihò sí i, ihò tí bọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bá sì jẹ́ tirẹ̀ ló ń kì í bọ̀.

Abẹ́ ìdérí yìí ni XL250S ti máa ń ṣàárẹ̀ jù. Kò sí bẹ́ríìn lábẹ́ kámúṣáfù rẹ̀, irin tó ń ṣí fáàfù. Inú alumíníọ̀mù gan-an ni irin yẹn ti ń yí: ìdajì ihò tó gbé e ró wà lára tọ́ọ̀pù, ìdajì kejì wà lára ìdérí. Epo ẹ́ńjìnnì nìkan ló là wọ́n láàárín. Bí epo bá ń dé ibẹ̀ dáadáa, wọ́n á bára wọn lò pẹ́. Bí kò bá dé, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í họ alumíníọ̀mù, àlàfo á sì máa fẹ̀ sí i.

Ọ̀gá gbé ìdérí náà sí ojú iná, ó sì fi abẹ fa nǹkan kan bọ́ létí rẹ̀. Bébà ni. Ẹnì kan, nígbà kan, ti gé gásíkẹ́ẹ̀tì bébà sáàárín ìdérí àti tọ́ọ̀pù kí epo má baà jò. Honda kò fi gásíkẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ rárá. Gáàmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n fi pa á. Bí bébà bá gbé ìdérí sókè, ihò tó yẹ kó rí róbótó á rí bí ẹyin, epo á gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ, kámúṣáfù á sì máa gbọ̀n nínú rẹ̀. Ẹni tó gé bébà yẹn rí i pé epo ò jò síta mọ́, ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Ọ̀gá wá fi èékánná ìka kékeré fa ojú ihò náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Níbi tó bá ti kọ́ èékánná, ọgbẹ́ ibẹ̀ ti jin. Ó kọ́ nígbà méjì. Kò sọ̀rọ̀. Ó na ìdérí sí ọmọ iṣẹ́ kí òun náà fi èékánná tirẹ̀ wò ó.

Tòkunbọ̀ tọ́ọ̀pù sìlíńdà wà lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn ti ní irú ọgbẹ́ yìí kan náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ tọ́nà tó ń gbẹ́ irin ni wọ́n gbé tiwọn lọ. Kí tọ́nà tó gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n da ìdérí padà sórí tọ́ọ̀pù, láìsí bébà, wọ́n sì fún gbogbo bọ́ọ̀tì bó ṣe yẹ kó le tó. Bí wọ́n bá gbẹ́ ìdajì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò ní sí ọ̀nà tí wọ́n á fi padà di ihò kan ṣoṣo tó tọ́. Wọ́n gbẹ́ méjèèjì pọ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú ihò méjèèjì lè wà lórí ìlà kan. Búúṣì idẹ ni wọ́n wá tẹ̀ sí i. Tọ́nà ń gbẹ́ inú búúṣì náà fínnífínní, ó ń dáwọ́ dúró, ó ń fi maikirómítà wọn kámúṣáfù, ó tún ń gbẹ́. Ìdá mélòó kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà kan ni àlàfo tí wọ́n ń wá.

Ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yẹn ni ti ihò epo. Búúṣì tuntun ti dí ojú ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé. Tọ́nà fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìsàlẹ̀ ọ̀nà epo náà, ó sàmì sára idẹ láti ẹ̀yìn, ó sì lu ihò gan-an síbi àmì yẹn. Bí ihò méjì yẹn bá fi díẹ̀ yà kúrò lójú ara wọn, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe bọ̀ á di òfo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí. Ọ̀gá fẹ́ èéfín sìgá gba ìdí ọ̀nà epo, ó sì dúró títí èéfín fi yọ nínú búúṣì.

Nígbà tí wọ́n fi padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mìíràn ti ra písítìn tuntun bọ̀ láti ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó, ojúlówó ni wọ́n pè é o.”

Ọ̀gá ò tíì ṣí i. Nọ́ńbà ara páálí ló ń kà. Lára ẹ̀yà Honda, nọ́ńbà márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́: 13101 ni písítìn. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ló ń sọ alùpùpù tí wọ́n ṣe é fún. 383, bí àpẹẹrẹ, CG125 ni. Mẹ́ta àárín tó wà lórí páálí yìí kì í ṣe ti XL250S. Síbẹ̀ kò dá a padà lójú ẹsẹ̀, torí Honda máa ń lo ẹ̀yà kan náà fún alùpùpù méjì nígbà mìíràn. Ó fi kálípà wọn fífẹ̀ rẹ̀. Ó wọn ihò pínnì. Lẹ́yìn náà ló wọn gíga láti àárín pínnì dé orí písítìn, ó wọn ti àtijọ́ náà, ó sì mi orí. Ó tún nawọ́ sí àyè tí wọ́n gbẹ́ sórí písítìn kí fáàfù má baà lù ú: ti tuntun náà ò jìn tó.

“Á wọ̀ ọ́,” ni ó wí, “àmọ́ fáàfù á kàn án lórí. Dá a padà fún wọn.”

Fífẹ̀ písítìn máa ń tan ènìyàn jẹ. CG125 àti XL125S jọ ní písítìn tó fẹ̀ ní 56.5 mm, tó ń rìn 49.5 mm, síbẹ̀ ọ̀pá ló ń ti fáàfù ọ̀kan, ṣéènì ló ń yí kámúṣáfù èkejì. Sìlíńdà tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀ ò sì ní dé orí ẹ̀rọ tọ́nà títí písítìn tó tọ́ fi dé, nítorí 0.25 mm, 0.25 mm ni fífẹ̀ písítìn fi ń pọ̀ sí i, èyí tó bá sì wà lọ́wọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ sìlíńdà tẹ̀ lé.

Kábúrétọ̀ kò gba àsìkò. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ ihò rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà.

Ṣéènì tó ń yí àwọn irin tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù ni wọ́n fara balẹ̀ fún. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gun XL250S kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, nítorí náà kì í sẹ́ni tó ń fún un títí yóò fi máa lu ara ilé rẹ̀. Ọ̀gá to àmì ojú eyín wọn síra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí eyín kan bá yẹ̀, irin tó yẹ kó pa gbígbọ̀n ni yóò máa dá kún un. Ó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó jẹ́ kí sípíríìnì fúnra rẹ̀ fa ṣéènì le, ó sì dì í padà.

Ó wá ku ẹsẹ̀ iwájú. Ríìmù ínṣì 23 ni Honda fi sí XL250S, táyà rẹ̀ sì ti di ohun àwárí. Ríìmù 21 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lórí họ́ọ̀bù àtijọ́, sípóòkù sì gbọ́dọ̀ kúrú ní nǹkan bí 25 mm. Àwọn kan á gé èyí tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì gé tẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Ọ̀gá kọ̀. Tẹ́ẹ̀dì ilé iṣẹ́, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin. Èyí tí wọ́n bá gé ti jẹ nínú ara sípóòkù náà, níbẹ̀ ni yóò sì ti kán. Ó dúró de èyí tí gígùn rẹ̀ tọ́.

Ní ti iná, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wé kọ́ìlì ni wọ́n gbé e lọ, láti sọ 6 fólìtì di 12, kí gílóòbù àti bátìrì tó wà káàkiri Èkó lè bá a mu. Kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná dá dúró ní tirẹ̀, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti padà sáyè, wọ́n yọ plọ́ọ̀gì, wọ́n ṣí ihò tí wọ́n ti ń yẹ fáàfù wò, ọmọ iṣẹ́ sì ń ta kíkì títí epo fi yọ lókè. Ìgbà náà ni wọ́n tó dá plọ́ọ̀gì padà.

Lẹ́yìn 500 kìlómítà, alùpùpù náà gbọ́dọ̀ padà wá: wọ́n á da epo nù, wọ́n á fọ asẹ́ wáyà rẹ̀, wọ́n á tún fáàfù àti ṣéènì inú rẹ̀ ṣe. Àmọ́ láti ẹsẹ̀ iwájú ni aago ti ń ka ìrìn, ẹsẹ̀ tuntun sì kéré, tí aago á fi máa kà ju bó ṣe rìn lọ. Ọ̀gá ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn páálí písítìn, ó bu ìyàtọ̀ náà mọ́ ọn, ó sì fi máàkà kọ ọ́ sábẹ́ ìjókòó: 540.