Hunjọ, Rún, Sán: Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwádìí Nípa Ìhunjọ

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó gbà pé iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni kí ó kọ́ ọmọ bí a ti í wádìí nǹkan, pé tiwa kò ju kí á fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó rí. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìpín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìhunjọ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ: ìhunjọ ara àgbà, ti ata gbígbẹ, ti awọ orí ẹ̀kọ tí ó ti tutù, àti ti ọ̀rá tí a fà. Kò sí ilé-ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó wọn.

2. Àlébù tí ó wà nínú ọ̀nà tí a ń tọ̀

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ó ń mú nǹkan hunjọ, ìdáhùn tí ó yá jù lẹ́nu rẹ̀ ni pé ó gbó tàbí pé ó gbẹ. Olùkọ́ a gbà á, a sì kọjá lọ. Àlébù kìn-ín-ní nìyí, nítorí ìdáhùn náà pa ìbéèrè kú. Ìka tí ó pẹ́ nínú omi a máa hunjọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbó, kò sì gbẹ. Ẹlòmíràn yóò ní omi ni ó wọ inú awọ. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1936 ni àwọn oníṣègùn ti kíyè sí i pé ìka tí iṣan tí ó so ó mọ́ ọpọlọ bá ti bàjẹ́ kì í hunjọ nínú omi. Iṣan yìí ni ó ń mú kí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ìka fún. Ẹran inú rẹ̀ a súnkì, awọ òkè a sì pọ̀ jù fún un. Ìwádìí kan ní 2013 fi hàn pé ìka tí ó hunjọ tètè ń gbé ohun tí ó tutù fún omi. Òmíràn ní 2014 kò rí i bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn tí kò tíì parí bẹ́ẹ̀ dára fún kíláàsì ju ìdáhùn àkọ́sórí lọ.

Àlébù kejì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. A ń jẹ́ kí ọmọ lo hunjọ, rún àti sán bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ata hunjọ nítorí pé omi inú rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ súnkì, awọ rẹ̀ kò sì súnkì tó o. Aṣọ rún nítorí pé a fún un pọ̀ tàbí a jókòó lé e. Bí áyọ́ọ̀nù bá kọjá lórí rẹ̀, ó tán. Ẹrẹ̀ sán nítorí pé òkè rẹ̀ gbẹ, ó fẹ́ súnkì, ìsàlẹ̀ kò jẹ́ kí ó súnkì, ni ó bá ya. Nínú ìhunjọ, awọ pọ̀ ju ohun tí ó bò lọ. Nínú sísán, ó kéré sí i. Àwọn baba wa ti rí ìyàtọ̀ yìí kí wọ́n tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ọmọ tí ó bá kọ pé "ẹrẹ̀ hunjọ" kò ṣi ọ̀rọ̀ lò lásán. Kò wo ẹrẹ̀ náà ni.

3. Ohun tí a lè ṣe

Kí olùkọ́ gé ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan tí ó gùn ju bí ó ti fẹ̀ lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì fi rúlà di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí wọ́n sì fà á díẹ̀díẹ̀. Ìhunjọ yóò yọ, yóò sì na gbọọrọ tọ ọ̀nà tí a fà á sí. Kí wọ́n ka iye rẹ̀ ní àárín. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀rá tí ó nípọn ṣe bákan náà. Ní 2003, Cerda àti Mahadevan fi ìṣirò fi hàn pé bí ọ̀rá bá ṣe nípọn tó ni ìhunjọ ṣe ń jìnnà sí ara wọn tó, àti pé bí a bá ṣe fà á le tó ni wọ́n ṣe ń súnmọ́ra tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun fẹ́lẹ́ rọrùn láti tẹ̀ ju láti fún pọ̀ lọ.

Kí wọ́n wá fi etí ṣíbí ti awọ orí ẹ̀kọ díẹ̀. Ìhunjọ tibí yóò dábùú ọ̀nà tí a tì í sí. Níbí ni òòró àti ìbú ti di ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò lè ṣe aláìlò. Kí olùkọ́ má sọ èsì ṣáájú. Kí ọmọ kọ "mo rí i pé" lọ́tọ̀, kí ó sì kọ "mo rò pé" lọ́tọ̀.

4. Ọ̀rọ̀ kan fún olùdánwò

Àwọn kan yóò ní àyè kò sí nínú ìlànà-ẹ̀kọ́. Àròkọ aṣàpèjúwe ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àkọ́sórí ni a sọ ọ́ dà, tí gbogbo arúgbó inú àròkọ fi ní "ara híhunjọ" kan náà. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ní máàkì, olùkọ́ kò ní yí padà. A lè dárúkọ ata, aṣọ àti ẹrẹ̀ nínú ìbéèrè, kí á ní kí ọmọ yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, kí ó sì sọ ìdí. Ìdí náà ni kí ó gba máàkì tí ó pọ̀ jù.

5. Àgbálọgbábọ̀

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ti Ifẹ̀, tí Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀, ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní 1984 ni ìdìpọ̀ kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Bámgbóṣé. A kò gbọdọ̀ fojú kéré iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ìhunjọ, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ kí á tó dé. Ojú tí yóò wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni a kò tíì kọ́ ọmọ láti là.