Ojú-Ìwé Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ìtàn Àròsọ

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìtàn àròsọ gígùn àti ìtàn kúkúrú, ìdáhùn tí ó sábà máa ń wá ni pé ọ̀kan gùn, èkejì sì kúrú. Irọ́ kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà pa, ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìbéèrè. Ó wọn aṣọ, kò wo bí wọ́n ṣe rán an.

Bí a bá gbé ọ̀ràn kan ṣoṣo ka orí àdúgbò kan ṣoṣo, ìyàtọ̀ náà yóò hàn. Ká ní àwọn ọmọ bàbá kan náà ń jà sí ilẹ̀ agboolé wọn ní Ìdí Arẹrẹ, ní Ìbàdàn. Ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà pa àlọ́ kò ní dárúkọ Ìdí Arẹrẹ rárá. Yóò sọ ọ́ di ọ̀ràn Ìjàpá àti àwọn ẹranko ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò fi orin sí i, yóò sì fi ẹ̀kọ́ pa á dé. Àpẹẹrẹ irú ìhun bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973. Apàlọ́ kò ní láti ròyìn ìgbà èwe Ìjàpá, nítorí pé olùgbọ́ ti mọ ọ̀kánjúwà rẹ̀ kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Òǹkọ̀wé ìtàn kúkúrú, ní tirẹ̀, lè mú àárọ̀ ọjọ́ kan péré, ọjọ́ tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ ojú ìyálé kan tí ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò fi wo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dá ìtàn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Òkè Mápó lè hàn lókèèrè, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fa ìtàn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ohun kan bá yí padà nínú ọkàn ìyálé yìí, ìtàn ti parí, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó tíì jàre.

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ gígùn yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tí ó ni ilẹ̀. Orogún yóò ṣe orogún, ọmọ kan yóò relé ẹ̀kọ́, òmíràn yóò máa ṣòwò ní Ọjà'ba, ẹjọ́ yóò dé kóòtù, ọdún yóò máa gorí ọdún. Ìwà ẹ̀dá ìtàn yóò ráyè dàgbà, tàbí kí ó bàjẹ́. Ìjà ilẹ̀ náà yóò wá di yàrá kan ṣoṣo nínú ilé ńlá.

Kí a má sì rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìtàn ń gbà gùn. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), D. O. Fágúnwà so ìrìnàjò mọ́ ìrìnàjò bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó, àwọn ìtàn tí Ìrágbèje sọ fún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. Ìtàn kéékèèké ń gbé inú ìtàn gígùn. Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ẹni tí ó bá fo ibì kan nínú akitiyan Lápàdé yóò sọ okùn nù. Ó Le Kú (1974) ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá gùn lọ́nà mìíràn: ọkàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí kò lè pinnu láàrin àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́, ni ó ń na ìtàn náà síwájú.

Ibi tí ìtàn ti kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú máa ń ní ọwọ́ nínú ìhun rẹ̀. Lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, láàrin 1929 àti 1930, ni ìtàn Sẹ̀gilọlá tí Isaac B. Thomas kọ kí ó tó di ìwé ní 1930. Àwọn òǹkàwé kan tilẹ̀ gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní láti dùn fúnra rẹ̀, kí ó sì dá ọ̀fun tòǹgbẹ de èyí tí ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí yóò ka àsọtúnsọ inú ìwé náà sí àbùkù, láìmọ̀ pé ẹni tí ó ti dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nílò ìránnilétí.

Ewu tí ó wà nínú fífi ojú-ìwé díwọ̀n ìtàn kò mọ sí inú ìdánwò. Olùkọ́ tí ó bá ka ìtàn kúkúrú sí ìtàn gígùn tí kò gbó yóò máa sọ fún ọ̀dọ́ tí ó kọ ìtàn tí ó péye pé kí ó lọ fà á gùn. Ọ̀dọ́ náà yóò wá fi omi lú ọbẹ̀ tí ó ti jinná. Kíkéré l'abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: ẹrù wo ni òǹkọ̀wé gbé, ṣé agbọ̀n tí ó fi dì í sì gbà á? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè tọ́ka sí ohun tí ìtàn kan kò lè pàdánù láìwó ti mọ irú ìtàn tí ó jẹ́, kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka iye ojú-ìwé rẹ̀.