Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì Lórí Egbò Àtọ̀gbẹ

Nọ́ọ̀sì kò tíì bojú wo egbò. "Bọ̀dá, ẹ dijú. Bí mo bá ti fọwọ́ kàn yín, ẹ wí." Ó mú okùn ọ̀rá tín-ín-rín kan tí kì í tẹ̀ àfi bí agbára tó wà lórí rẹ̀ bá tó gíráàmù 10. Ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà níhìn-ín, ó fi kàn án lọ́hùn-ún. Ọkùnrin náà dákẹ́. Ó rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

"Kodíìnì ńkọ́?" Ohùn tó fi bi í bóyá ó ti jẹun náà ló fi béèrè.

"Mi ò tíì lè fi í sílẹ̀, Àǹtí."

Egbò ló bí ìbéèrè yẹn. Bí kòkòrò bá wọ ojú egbò, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀, pé kí sẹ́ẹ̀lì funfun wá gbé e mì. Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ ń mú ẹsẹ̀ àwọn tí a pè wúwo. Kodíìnì a máa di mọfíìnì nínú ara, mọfíìnì náà sì lè di àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun náà létí. Láti 1898 ni Jean Cantacuzène ti fi hàn lára ẹranko pé ópíọ́mù ń dí sẹ́ẹ̀lì funfun lọ́wọ́ iṣẹ́. Ṣírọ́ọ̀pù ikọ́ oníkodíìnì tí Nàìjíríà fòfin dè ní 2018 tún ní ṣúgà tirẹ̀ nínú.

Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá falẹ̀, kòkòrò lè wà nínú egbò láìsí pípọ́n tàbí wíwú. Ìdí nìyí tí egbò tí kò pọ́n, tí kò wú, kò fi tan nọ́ọ̀sì yìí jẹ. Ó ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú bọ ìsàlẹ̀ egbò jẹ́jẹ́. Ẹran a rọ̀, egungun a le gbagidi: ìka rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Kò kan egungun. Ó dẹ abẹ dẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bó òkú ẹran. Bí ẹ̀jẹ̀ tuntun ti yọ, ó dúró.

Lójijì, òógùn bo ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Kodíìnì ló ń pè é," akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wí.

Ọ̀gá rẹ̀ wo ojú: dúdú ẹyinjú kò fẹ̀. Ó wo imú: ikun kò dà. Ọkùnrin náà kò sì yán. Kò jọ ti kodíìnì. Ó gún un níka láti wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 58 mg/dL. Bó bá ti wà lábẹ́ 70, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Ó fún un lómi ṣúgà, ó wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ó tún gún un. Ara ti balẹ̀.

Ó di egbò náà, ó ní kó má dá kodíìnì dúró lójijì, dókítà yóò bá a dín in kù. Ó wá fún un ní dígí kékeré kan, pé kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́.

Ọkùnrin náà gbé dígí sábẹ́ ẹsẹ̀ kejì, èyí tí kò ní egbò. Ó wò ó pẹ́.