Àwọn Mẹ́fà Yòókù: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ Àṣẹ àti Ìlú nínú Baṣọ̀run Gáà

Bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́. Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kí a tó ṣí ìwé eré-onítàn Baṣọ̀run Gáà, tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ tí a sì tẹ̀ jáde ní 1972, a ti mọ ibi tí a óò parí rẹ̀ sí. Gáà ṣèkà, Gáà jìyà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí a ti ń fi ìwé náà kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Bí a ti fi kọ́ èmi náà nìyẹn. N kò sọ pé ìka kò dára láti tọ́ka sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá ka eré yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìkà ẹnì kan ṣoṣo, a ó kà á tán láì tíì kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó la ojú mi sí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n rárá. Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, mo parí ẹ̀kọ́ lórí ìwà Gáà, mo sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ pé méje ni Ọ̀yọ́ Mèsì. Níbo ni àwọn mẹ́fà yòókù wà ní gbogbo ìgbà tí Gáà ń pa ọba?” Mo dá a lóhùn pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Aago lù, mo kó ìwé mi, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ètò ìjọba Ọ̀yọ́ wò, nítorí òun ni ilẹ̀ tí Fálétí kọ́ ilé eré rẹ̀ lé. Aláàfin ni aláṣẹ èkejì òrìṣà, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ ní ààlà. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ló ń yan ọba. Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Baṣọ̀run kan náà ló ń bá Aláàfin ṣe ọdún Ọ̀run, níbi tí wọ́n ti ń wádìí bóyá ọ̀run ṣì fara mọ́ ọba tàbí kò fara mọ́ ọn mọ́. Bí ọba bá ya aláṣejù, Baṣọ̀run lè kéde pé ọ̀run kọ̀ ọ́, ayé kọ̀ ọ́, ará ilé kọ̀ ọ́. Ọba tí ó bá gbọ́ ìkéde yìí kò gbọdọ̀ tún rí oòrùn ọjọ́ púpọ̀. Morton-Williams, tí ó ṣe ìwádìí lórí ètò yìí, fi yé wa pé ọ̀kan nínú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà gbọ́dọ̀ bá irú ọba bẹ́ẹ̀ kú. Àwọn baba wa gbọ́n. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán kọ ọba. Ẹni tí yóò bá kọ ọba gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé tòun náà yóò ṣọ̀fọ̀.

Bí ètò náà bá wá gún régé tó báyìí, báwo ni Gáà ṣe rí ọ̀nà gbà? Ìdáhùn mi, tí àwọn kan lè má fara mọ́, ni pé Gáà kò fi bẹ́ẹ̀ rú òfin. Inú òfin gan-an ni ó jókòó sí. Kò lè jọba, nítorí kì í ṣe ọmọ Aláàfin. Kò sì wá ọ̀nà láti jọba. Agbára tí ìlú fi sí ọwọ́ Baṣọ̀run kí ó lè gba ìlú lọ́wọ́ ọba aláṣejù, agbára yẹn kan náà ni ó lò. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ìtàn náà, Lábísí kò ju ọjọ́ 17 lọ nínú ààfin kí ìdààmú tó mú un gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Awónbíojú lo ọjọ́ 130, nítorí pé ó kọ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún ìjòyè tirẹ̀. Agbólúajé tẹ̀ lé e, Májẹ̀ógbé tẹ̀ lé Agbólúajé, kí ó tó kan Abíọ́dún. Ní bí ogún ọdún, láti nǹkan bí 1754 sí 1774, ẹni tí a fi ṣọ́ ìtẹ́ ni ó ń fi ìtẹ́ ṣeré. Òfin Ọ̀yọ́ ti ronú dáadáa lórí ohun tí a ó ṣe fún ọba tí ó bá ya ìkà. Kò ronú tó lórí ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ìdájọ́ mú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́fà yòókù ti wọlé. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé bí Gáà ti ń rẹ ọba sílẹ̀, ni ipò gbogbo Ọ̀yọ́ Mèsì ń ga sí i lójú ayé. Àwọn ọmọ Gáà tàn ká àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa wọ ààfin. Ìgbà tí ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé oúnjẹ náà kò kan àwọn, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ìdákẹ́jẹ́ wọn kì í ṣe ti ojo nìkan. Ti ẹni tí ó rò pé èrè ń bọ̀ ni pẹ̀lú.

A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí irú rẹ̀ ní ayé òde òní. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1979, àti ti 1999 tí ó rọ́pò rẹ̀, fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní agbára láti yọ gómìnà nípò. Agbára Ọ̀yọ́ Mèsì ni èyí lábẹ́ agbádá tuntun. Ní oṣù kẹfà 1981, wọ́n fi yọ Balarabe Musa ní Kàdúná: ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ ni PRP, ẹgbẹ́ NPN ni ó sì pọ̀ jù nínú ilé aṣòfin, wọn kò fìgbà kan gbọ́ ara wọn yé lórí àwọn kọmíṣọ́nnà. Ní oṣù kìíní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 ló sọ pé àwọn yọ Rashidi Ladoja nípò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gan-an, nígbà tí òfin béèrè fún ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí kò lè dín ní 22. Oṣù kejìlá ọdún náà ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyọnípò náà kò bófin mu. (Ẹni tí wọ́n yọ nígbà náà ni ó gun orí ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2025, ayé ń yí.) Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ kan. Nínú àwọn 18 wọ̀nyí, kò sí ẹni tí òfin ní kí ó fi nǹkan kan sílẹ̀. A gba ìdajì ètò àwọn baba wa, a fi ìdajì tí ó korò sílẹ̀.

Mo padà sínú eré. Ibi tí ó dùn jù, tí ó sì ń mú omi bọ́ lójú òǹkàwé, ni ọ̀rọ̀ Agbọ́nyìn, ọmọbìnrin Abíọ́dún. Gáà ń wá àgbọ̀nrín, tí àwọn mìíràn ń pè ní àgbọ̀nyín, fún ètùtù. A kò rí ẹranko náà, orúkọ ọmọ ọba sì jọ orúkọ ẹran, ni wọ́n bá fi ọmọ rọ́pò ẹran. Nínú gbogbo ìlò ọ̀rọ̀ tí Fálétí fi ta wá yọ, n kò mọ èyí tí ó dẹ́rù bani tó èyí. Nínú rẹ̀ ni a ti rí i pé nígbà tí àṣẹ kò bá ní olùdámọ̀ràn mọ́, ọ̀rọ̀ gan-an a máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù. Ẹni tí ó lágbára ni yóò sọ ohun tí orúkọ ń jẹ́.

Síbẹ̀, ibí yìí gan-an ni mo ní ẹjọ́ sí. Títí di ìgbà yìí, ọgbọ́n àti sùúrù ni Abíọ́dún ń lò. Òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni ìtàn sọ pé ó ń lọ kí Gáà. Ikú ọmọ rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀bẹ dé egungun. Bí eré, ó dára púpọ̀, nítorí a gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò mú oníwà-tútù dìde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ọmọ ta ni wọ́n ti ń gbé lọ ṣáájú Agbọ́nyìn, ní gbogbo ìlú tí àwọn ọmọ Gáà ti jẹ gàba? Tí ìyà ìlú kò bá tó ọba dìde sí, àfi ìgbà tí ó wọ yàrá rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ìlú ti dàpọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo rò pé òǹkọ̀wé ìbá ti jẹ́ kí òǹkàwé ro èyí dáadáa.

Ẹjọ́ mi kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ó gba Ọ̀yọ́? Ọ̀yábí ni, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, láti Ajàṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ogun. Ìpàdé Ọ̀yọ́ Mèsì kò dá Gáà dúró, ìfá kò dá a dúró, ọjà kò dá a dúró, ogun ni. A pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà ní ọdún tí ó jáde yóò pàtẹ́wọ́ jù, nítorí ọdún kẹfà nìyẹn tí àwọn sójà ti ń ṣèjọba Nàìjíríà, tí wọ́n sì ti sọ pé àwọn wá tún ìwà ìbàjẹ́ àwọn òṣèlú ṣe ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tún yọ̀ ní òpin ọdún 1983 nígbà tí wọ́n padà wá. 1999 ni àwọn alágbádá tó padà sórí àga tí wọn kò tíì dìde lórí rẹ̀.

Ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ kò sì parí sí ibi tí aṣọ orí ìtàgé ti wálẹ̀. Abíọ́dún jọba pẹ́, ó wàjà ní nǹkan bí 1789. Aólẹ̀ gorí ìtẹ́. Kò ju nǹkan bí ọdún méje lọ tí ogun fi tún gbéra lọ sí Ọ̀yọ́, tí Kakaǹfò wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtẹ́ ni ó kọjú sí lọ́tẹ̀ yìí: Afọ̀njá ni Kakaǹfò, Baṣọ̀run wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì béèrè orí Aláàfin. Ọ̀nà tí Ọ̀yábí là fún ire ni Afọ̀njá gbà kọjá. Láti ibẹ̀ ni Ìlọrin ti yapa, tí Ọ̀yọ́ Ilé sì fi di ahoro láàárín ogójì ọdún. N kò dá Fálétí lẹ́bi pé kò kọ èyí. Eré kan kò lè gba gbogbo ìtàn. Àwa tí a ń fi ìwé náà kọ́ni ni mo ń bá wí. A kì í sọ fún àwọn ọmọ pé ọdún 22 péré ni ó wà láàárín ìdáǹdè tí a ń yọ̀ sí àti ìparun tí a ń sunkún lé.

Nǹkan kan ṣì kù. Nígbà tí a bá sọ pé Gáà fi ìyà jẹ “ìlú,” ìlú wo? Àwọn Ẹ̀gbá wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Àwọn ìlàrí Aláàfin ń gbé láàárín wọn, wọ́n ń gba tọwọ́ wọn. Gáà kú, ìyà náà kò kú. Nígbà ayé Abíọ́dún, ọba rere yìí kan náà, ni Lísàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ lábẹ́ àáró, tí wọ́n dìde lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n pa àwọn ìlàrí, tí wọ́n sì gba ara wọn. Lójú àgbẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọ Gáà àti ìlàrí Abíọ́dún, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó wá gba nǹkan ni àwọn méjèèjì. Lóde òní, a máa ń pe gbogbo wa ní Yorùbá bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n àwọn Ọ̀yọ́ ni orúkọ yẹn kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tó gbòòrò kárí. Ẹ̀kọ́ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Òfin 1979 ní kí a pín ipò ìjọba àpapọ̀ káàkiri kí ẹ̀yà kan má baà gba gbogbo rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ pínpín ipò fún ọmọ ìlú mi kò sọ fún mi ẹni tí yóò bi ọmọ ìlú mi léèrè tí ó bá ń ṣe bí ọmọ Gáà. Nígbà míràn, nítorí pé ọmọ wa ni, a kì í fẹ́ bi í.

Lórí ìlò èdè Fálétí, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ tí àwọn lámèyítọ́ tí ó ṣáájú mi kò tíì sọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ eré náà lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe yóò jẹ́rìí pé èdè Ọ̀yọ́ ń ṣàn nínú rẹ̀ bí omi. Fálétí kú ní 2017. Fíìmù tuntun tún jáde lórí ìtàn Gáà yìí ní 2024. Ìtàn náà kò tíì sú ayé.

Mo padà sí kíláàsì náà lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Mo kọ orúkọ mẹ́fà sójú pátákó: Àgbàakin, Ṣàmù, Alápìnni, Lágùnnà, Akínikú, Aṣípa. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan, kí ó kọ ohun tí ẹni náà sọ nígbà tí ó délé, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n pa Awónbíojú. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìbéèrè mú Alápìnni. Ojú ewé méjì ló kọ. Ìyàwó Alápìnni ni ó sì sọ̀rọ̀ jù nínú rẹ̀.