Àtíkè Tí Ń Mú Kòkòrò Gbẹ

Lára ohun tí a lè fi pa kòkòrò inú ilé, àtíkè kan wà tí kò ní òórùn, tí kì í gbiná, tí kì í sì í ṣe oògùn olóró. Diatomaceous earth ni àwọn onímọ̀ ń pè é, DE sì ni ìkékúrú rẹ̀. Funfun ni, àfi pé òmíràn máa ń ní àwọ̀ eérú nítorí ibi tí wọ́n ti wà á. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan kan. Bí èèyàn bá fi ìka méjì rà á wò, yóò kọ́kọ́ rò pé ẹ̀lùbọ́ tí a jọ̀ kúnná ni, kó tó kíyè sí i pé ìka òun ti gbẹ, pé òróró ara rẹ̀ ti lọ. Ohun tó ṣe sí ìka yẹn náà ló ń ṣe sí kòkòrò, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìwúlò rẹ̀ wà.

Ara ohun abẹ̀mí ni àtíkè náà ti wá. Nínú òkun àti adágún, àwọn ohun wíńníwínní kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Diatom ni wọ́n ń jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ bí ewéko ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún máa ń kọ́ ìkarahun yí ara rẹ̀ ká láti inú silica, èròjà tó wà nínú yanrìn àti gíláàsì. Bí diatom bá kú, ara rẹ̀ á jẹrà, ìkarahun rẹ̀ kò ní jẹrà. Á rì sí ìsàlẹ̀ omi, òmíràn á bò ó, òmíràn á tún bo ìyẹn, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún yóò fi kọjá. Nígbà tí omi bá gbẹ, òkúta funfun tó rọ̀, tó sì fúyẹ́, ni yóò kù sílẹ̀. Òkúta yẹn ni wọ́n ń wà, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná.

Nàìjíríà ní tirẹ̀. Ní Bularafa, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, ilẹ̀ irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà, àwọn olùwádìí sì ti ń fi í dán kòkòrò inú ọkà wò. Bí a bá tún tẹ̀ síwájú wọ orílẹ̀-èdè Chad, a ó kan Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtijọ́ kan tí Adágún Chad òde òní jẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Kò sí ibòmíràn láyé tí eruku ti ń gbéra tó ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló ń gbé eruku náà wá sí gúúsù, títí dé etí òkun. Nítorí náà, nínú eruku tí à ń nù kúrò lórí tábìlì ní Ọ̀tà nínú oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìkarahun diatom wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí DE ń gbà pa kòkòrò yàtọ̀ sí ti oògùn. Dichlorvos, èròjà tó wà nínú Sniper àti nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tapiápiá, ń da iṣan ìmọ̀lára kòkòrò rú, ó sì lè da ti ènìyàn rú bákan náà. DE kò ní í ṣe pẹ̀lú iṣan. Gbogbo kòkòrò ló ní òróró fẹ́lẹ́ kan lára, òun ni kì í jẹ́ kí omi inú wọn gbẹ. Bí aáyán bá gba orí àtíkè yìí kọjá, àtíkè á lẹ̀ mọ́ irun ẹsẹ̀ rẹ̀, á wọ oríkèé ẹsẹ̀ náà, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀. Á fa òróró yẹn mu, etí rẹ̀ tó mú á sì tún máa ha eepo ara aáyán bó ṣe ń rìn. Omi ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ kú. Èyí lè gba ọjọ́ kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun èlò ẹni tí ń kánjú. Àǹfààní ìfaradà yẹn ni pé àtíkè náà kì í tètè bàjẹ́. Èyí tí a bù sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lónìí, bí kò bá tutù, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbá a, yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Ìdun tí oògùn fífọ́n kò ràn mọ́ pàápàá lè tipa rẹ̀ kú.

Irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá wa. Eérú ni àwọn ìyá wa ń pò mọ́ ẹ̀wà àti àgbàdo kí wọ́n tó kó o pamọ́, nítorí eérú ń dí àlàfo àárín hóró, ó sì ń fa omi ara kòkòrò. Adìẹ ìbílẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Bí yòrò bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, á wá ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, á ha kòtò kékeré, á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, á sì máa gbọn eruku wọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ títí ara yóò fi tù ú. Ọ̀tà jẹ́ ìlú ọ̀sìn adìẹ láti ìgbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti dá oko rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó fi ipò olórí ìjọba sílẹ̀ ní 1979. Ẹni tó bá ń sin adìẹ lágbègbè náà lè po DE mọ́ iyanrìn gbígbẹ sínú àpótí kan, kí adìẹ máa yí nínú rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí kòkòrò ni ayé fi kọ́kọ́ mọ rírì rẹ̀. Ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1867, Alfred Nobel gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí dynamite, ẹ̀tù tí a fi ń fọ́ òkúta. Àtíkè yìí ló fi fa nitroglycerin mu, kí ó má baà máa bú gbàmù láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn apọntí tún rí i pé ó dára fún sísẹ́ bíà, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà káàkiri ayé títí dòní. Ní 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ohun ìpakòkòrò. Nílé wa níbí, Nigerian Stored Products Research Institute, ilé ìwádìí tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìlọrin, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti wà láti 1948, ṣe NSPRIDUST láti ara DE ilẹ̀ wa fún títọ́jú ọkà.

Ìdí tí iṣẹ́ wọn fi ṣe pàtàkì kò farasin. Ní 2015, Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju ohun tí òfin wọn gbà lọ fíìfíì. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ yẹn, irú rẹ̀ là ń sè jẹ nílé. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré dichlorvos, èyí tó jẹ́ 100ml àti èyí tó kéré sí i, ní ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ewu tí wọ́n rí hàn kedere: àwọn èèyàn ń fọ́n ọn sí yàrá tí ọmọ ń sùn sí, àwọn ọlọ́jà kan ń wọ́n ọn sí oúnjẹ, àwọn mìíràn sì ń fi í gba ẹ̀mí ara wọn.

Fún ẹni tí ń tọ́jú ọkà, àwọn olùwádìí sábà máa ń lo ìdajì gíráàmù sí gíráàmù 1 DE fún kílò ọkà kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a kọ sára páálí ni kí a tẹ̀ lé. A ó kọ́kọ́ sá ọkà náà kó gbẹ dáadáa, a ó bu àtíkè lé e, a ó sì pò ó títí yóò fi kan gbogbo hóró. Kí a tó sè é, a ó fẹ́ ẹ, a ó sì ṣàn án. Ó ní àléébù kan tí alágbàtà ńlá kì í fẹ́: hóró tí a bu àtíkè lé kì í yọ̀ geere mọ́, ìwọ̀n àpò rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ sí i. Fún ìyá tó ń tọ́jú àpò àgbàdo kan tàbí méjì nílé, èyí kò jẹ́ nǹkan.

Nínú ilé gbígbé, mo gbà pé Sángo Ọ̀tà wà lára ibi tó nílò rẹ̀ jù. Ilé iṣẹ́ irin, ti ike àti ti ohun mímu pọ̀ lágbègbè náà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọn sì ń gbé ilé fésì-mí-àì-fésì-yú, níbi tí yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti ń lo ilé ìdáná kan. Bí ẹnì kan bá fọ́n oògùn sí yàrá rẹ̀, aáyán á gba abẹ́ ilẹ̀kùn sá lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi padà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, tó fẹ́ fi ojú ọ̀sán sùn, kò ní ibòmíràn tó lè dúró sí títí òórùn yóò fi lọ. DE kò ní òórùn tí yóò lé e jáde. Ohun tó dára jù ni kí àwọn ayálégbé jọ lò ó lọ́jọ́ kan náà.

Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí a bù ú, débi pé ojú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, nítorí kòkòrò máa ń yà fún òkìtì. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó gbẹ tó fún iṣẹ́ náà. Fún ìdun, a ó kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, a ó sá tìmùtìmù sí oòrùn, lẹ́yìn náà ni a ó fi àtíkè sí oríkèé pákó bẹ́ẹ̀dì, sí ihò ìṣó àti ẹsẹ̀ ògiri. A kì í dà á sórí ibi tí èèyàn ń sùn. Fún aáyán àti èèrà, ẹ̀yìn fíríìjì, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti etí ihò wáyà ni ibi tó yẹ. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ògiri sì ń sun omi, kò ní ṣiṣẹ́. A ó gbá èyí tó tutù kúrò, a ó sì fi òmíràn rọ́pò nígbà tí ibẹ̀ bá gbẹ. Kò sì ní dá ẹ̀fọn dúró, torí ẹ̀fọn kì í rìn nílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró ni a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. A ó bo imú nígbà tí a bá ń bù ú, a ó pa fáànù, a ó sì kó ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée jáde. Oríṣi kan tún wà tí wọ́n ti fi iná ńlá yan fún sísẹ́ omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Iná yẹn sọ púpọ̀ nínú silica rẹ̀ di oríṣi tí àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde ní 1997 pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fún ẹni tó bá ń fà á símú. Irú èyí kò gbọ́dọ̀ wọ ilé. Kí a wo ohun tí a kọ sára páálí àti nọ́ńbà NAFDAC kí a tó sanwó.

Ó ku ti ìlera. Àwọn kan ń pò ó mọ́ omi mu, wọ́n ní ó ń fọ inú, ó ń pa aràn. Ẹ̀rí tó wà kò tó nǹkan. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Yúróòpù ní 1998 fún èèyàn 19 ní DE fún ọ̀sẹ̀ 8, kólẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí kò lò ó tí a lè fi wọ́n wé. Èyí kò tó láti fi rọ́pò oògùn aràn tàbí ọ̀rọ̀ dókítà, mo sì rọ aboyún pàápàá láti má ṣe dán an wò. Àǹfààní tó dájú fún ara gba ọ̀nà mìíràn wá. Ìgbẹ́ aáyán àti eepo ara rẹ̀ wà lára ohun tí ń ru ikọ́ fée sókè, ní pàtàkì lára ọmọdé. Bí aáyán bá ti kú tán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí a fi aṣọ tútù nu òkú wọn àti àtíkè tó kù kúrò, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbá a, kí eruku rẹ̀ má baà tún gbéra.